Omi Gbígbóná Ni Ìbọn Ṣakabùlà Ń Fẹ́, Kì Í Ṣe Bẹntiróòlù

Ọ̀rọ̀ tòní ní ata díẹ̀ nínú, ẹ má bínú sí wa. Ọ̀rọ̀ ìbọn ṣakabùlà ni, ìbọn tí a fi ń ṣọ́ ẹ̀gẹ́ lọ́wọ́ ọ̀yà, tí a fi ń lé ọ̀bọ lórí igi kòkó. A fẹ́ sọ̀rọ̀ nípa ohun tí àwọn kan ń dà sínú rẹ̀ tí wọ́n ní àwọn ń fọ̀ ọ́.

Ẹ̀yin náà ti rí ìgò yẹn. Ìgò ọtí ni nígbà mìíràn, ìgò oògùn apakòkòrò tí wọ́n ti lò tán ni nígbà mìíràn. Kò ní orúkọ, kò ní àkọlé. Tí ẹ bá bi ẹni tó ń tà á pé kí ló wà nínú rẹ̀, yóò ní oògùn ìpẹtà ni, pé tí ẹ bá ti dà á sínú ìbọn lẹ́ẹ̀kan, ìbọn yóò máa dán bíi dígí. Bẹntiróòlù tàbí kẹrosíìnì ló pọ̀ jù nínú ẹ̀. Wọ́n á fi ọ́ìlì kọ̀ndẹ́ẹ̀mù, èyí tí mẹkáníìkì ti fà jáde lábẹ́ ọkọ̀, lú u. Àwọn tó gbójú jù lọ á tún kán ásíìdì bátìrì sí i. Ásíìdì yẹn ò tilẹ̀ pò mọ́ bẹntiróòlù, ìsàlẹ̀ ìgò ló ń wà, ẹni tó bá sì ra ìgò náà tí ó kù díẹ̀ ni yóò gba gbogbo rẹ̀.

Ohun tí àwa ń sọ rèé, kò sì lọ́jú pọ̀: nǹkan inú ìgò yìí kì í fọ ìbọn. Ó ń ba ìbọn jẹ́, ó sì lè gba ìka tàbí ojú lọ́wọ́ ẹni tó fi owó rẹ̀ rà á.

Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ láti ibi tí ìdọ̀tí inú ìbọn ti ń wá, torí ibẹ̀ ni gbogbo àṣìṣe yìí ti bẹ̀rẹ̀. Èédú wà nínú ẹ̀tù, imí ọjọ́ wà nínú rẹ̀, èyí tó sì pọ̀ jù ni iyọ̀ kan tí òyìnbó ń pè ní saltpetre. Nígbà tí ẹ̀tù bá jó, ẹ má rò pé gbogbo rẹ̀ ló di atẹ́gùn tó bá ẹnu ìbọn jáde. Ó ju ìdajì ìwọ̀n rẹ̀ lọ tó ń di nǹkan líle. Apá kan bá èéfín lọ, ìyẹn ni èéfín ṣakabùlà ṣe máa ń funfun tó sì máa ń nípọn. Apá tó kù lẹ̀ mọ́ ara páìpù nínú lọ́hùn-ún. Ohun tó lẹ̀ mọ́ ibẹ̀ yìí, iyọ̀ ni. Ó dúdú lójú torí èédú wà lára rẹ̀, ṣùgbọ́n iyọ̀ ni, irú èyí tó wà nínú eérú.

Ẹ lọ bi àwọn ìyá tó ń ṣe ọṣẹ dúdú. Eérú èèpo kòkó ni wọ́n ń kó sínú ìkòkò tí wọ́n ti dá ihò sí nídìí, omi ni wọ́n sì ń dà lé e. Omi yẹn ló ń yọ agbára eérú jáde tó ń kán sísàlẹ̀. Ṣé ẹ ti rí ìyá kankan tó da kẹrosíìnì sórí eérú rí? Tó bá dà á títí di ọ̀la, kẹrosíìnì ni yóò tún kán jáde, agbára eérú yóò jókòó síbi tó wà. Iyọ̀ kì í yọ́ nínú kẹrosíìnì, kì í yọ́ nínú bẹntiróòlù, kì í yọ́ nínú ọ́ìlì. Omi ló ń yọ́ ọ. Ẹni tó bá ń fi bẹntiróòlù fọ ìbọn tó fi ẹ̀tù yìn, èédú ojú rẹ̀ ló ń nù, ó fi iyọ̀ sílẹ̀ nínú ilé.

Iyọ̀ yẹn ò sì ní jókòó jẹ́ẹ́. Ẹ wo iyọ̀ tí ẹ bù sínú àwo nígbà òjò, tí ẹ ò dé e. Kó tó di ọjọ́ kejì ó ti ń sun omi. Bẹ́ẹ̀ náà ni iyọ̀ inú ìbọn ṣe ń fa omi inú afẹ́fẹ́ mọ́ra. Ibi tí a wà yìí kì í ṣe Sókótó. Láti oṣù kẹta títí dé oṣù kọkànlá ni òjò ń rọ̀ lórí wa, igbó Omo tí gbogbo ayé mọ̀ sí J4 wà nínú ìjọba ìbílẹ̀ wa, ìrì àárọ̀ nìkan tó láti mú ẹ̀wù tutù. Ìbọn tí ẹ yìn lọ́sàn-án tí ẹ kò fọ̀, ẹ ki aṣọ funfun bọ inú rẹ̀ láàárọ̀ ọjọ́ kejì, ẹ ó rí àwọ̀ pupa lára aṣọ náà. Iyọ̀ ti fa omi, omi ti bá irin, iṣẹ́ ti bẹ̀rẹ̀.

Ẹ wá ro ẹni tó da ọ́ìlì lé iyọ̀ yìí lórí. Ó dà bí ẹni tó fi òróró pa egbò tí kò tíì wẹ̀. Ojú egbò ń dán, abẹ́ rẹ̀ ń rà.

Àwọn kan máa ń bá wa jiyàn níbí. Wọ́n ní, "Ẹ̀yin náà ẹ gbọ́, ṣé kì í ṣe omi ló ń jẹ́ kí irin dógùn-ún? Báwo lẹ ṣe ní ká da omi sínú ìbọn?" Ìbéèrè gidi ni, a ò ní fi ṣe yẹ̀yẹ́. Omi tó dúró pẹ́ lára irin ló ń jẹ́ kó dógùn-ún, pàápàá omi tí iyọ̀ wà nínú rẹ̀. Omi tó gbóná tó wọlé, tó yọ́ iyọ̀, tó jáde, tí irin sì gbẹ kíákíá lẹ́yìn rẹ̀, kò rí àyè ṣe nǹkan kan. Ṣebí Ìjẹ̀bú ni wá, a mọ gààrí. Agbada irin tí wọ́n fi ń yan gààrí, ṣé bẹntiróòlù ni àwọn ìyàwó wa fi ń fọ̀ ọ́? Omi ni. Wọ́n fọ̀ ọ́ tán, wọ́n gbé e padà sórí iná kó gbẹ, wọ́n fi epo díẹ̀ ra á lójú. Agbada yẹn ń lo ọdún lórí ààrò. Ohun tí obìnrin mọ̀ nínú ilé ìdáná ni ọkùnrin lọ ń ra irọ́ rẹ̀ nínú ìgò lọ́jà.

Àwọn mìíràn ní bàbá àwọn ló fi kẹrosíìnì lélẹ̀ fún àwọn. Ó dáa. Ṣùgbọ́n ìbọn ti wà nílẹ̀ yìí kí kẹrosíìnì tó dé. Àwọn Gẹ̀ẹ́sì ń pe ṣakabùlà ní Dane gun nítorí àwọn oníṣòwò ará Denmark tó ní odi agbára ní Àkrá, tí wọ́n tà á fún àwọn Gẹ̀ẹ́sì lọ́dún 1850. Ìjẹ̀bú ló wà lójú ọ̀nà láàárín ọ̀sà àti òkè nígbà náà, ìbọn àti ẹ̀tù sì wà lára ẹrù tó ń gba ọwọ́ àwọn baba wa kọjá. Wọ́n gbé ìbọn ko àwọn Gẹ̀ẹ́sì lójú ní Ìmàgbọn ní oṣù karùn-ún ọdún 1892. Kì í ṣe bẹntiróòlù ni wọ́n fi ń fọ̀ ọ́. Bí ẹ bá sì fẹ́ ẹ̀rí láti ọ̀dọ̀ òyìnbó, àwọn ọmọ ogun Gẹ̀ẹ́sì tó gbé Lee-Enfield nínú ogun àgbáyé méjèèjì, omi gbígbóná ni wọ́n ń dà gba inú ihò ìbọn kọjá kí wọ́n tó fi ọ́ìlì pa á, torí kápù ọta ayé ìgbà náà ń fi iyọ̀ sílẹ̀ nínú ìbọn bíi ti ẹ̀tù. Ìbọn ìjọba ni o, wọn ò sì sọ pé omi yóò bà á jẹ́.

Ásíìdì bátìrì ńkọ́? Àwọn tó ń tà á ní ó ń jẹ ìpẹtà. Òótọ́ ni, ó ń jẹ ìpẹtà. Ó ń jẹ irin náà pẹ̀lú. Ìdí tí inú ìbọn fi ń dán lẹ́yìn tí wọ́n bá lò ó ni pé ó ti bó awọ irin lọ. Irin tí a bó báyìí ni ìpẹtà ń tètè mú jù. Ẹ dán an wò lára ìṣó méjì: ẹ ti ọ̀kan bọ inú ásíìdì díẹ̀, ẹ yọ ọ́, ẹ fi àwọn méjèèjì síta mọ́jú, ẹ wo èyí tó kọ́kọ́ pọ́n. Jíìkì tí wọ́n fi ń fọ aṣọ funfun náà kò dára, òun fúnra rẹ̀ a máa fa ìpẹtà. Ẹni tó fi ọsàn wẹ́wẹ́ fọ̀ ọ́ ṣe díẹ̀ sàn ju alásíìdì lọ, ṣùgbọ́n kíkan ni kíkan ń jẹ́.

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti di ọ̀rọ̀ ẹ̀mí rèé. Ọ̀pọ̀ ìbọn tí àwọn alágbẹ̀dẹ wa ń rọ, páìpù omi ni wọ́n fi ń ṣe é. Àwọn òyìnbó tó ṣe páìpù yẹn, omi ni wọ́n ṣe é fún, wọn ò ṣe é fún ẹ̀tù. Ìyẹn ni pé kò ní ìrànlọ́wọ́ kankan tó fi sẹ́yìn. Nígbà tí ìpẹtà bá gbẹ́ kòtò kéékèèké sí i nínú, pàápàá ní ìdí rẹ̀ níbi tí ẹ̀tù ń jókòó sí, ibẹ̀ gan-an ni agbára pọ̀ jù nígbà tí a bá yìn ín, ibẹ̀ gan-an ni irin sì ti fẹ́lẹ́ jù. Ẹ mọ ibi tí ọwọ́ òsì yín ń wà nígbà tí ẹ bá gbé ìbọn. Ẹ mọ ibi tí ojú yín ń wà.

Ọ́ìlì kọ̀ndẹ́ẹ̀mù náà ní ewu tirẹ̀. Ó ń ṣàn lọ sídìí ìbọn, ó ń dí ihò kékeré tí iná ń gbà wọlé. Lọ́jọ́ kejì ẹ ki ẹ̀tù lé e lórí, ẹ̀tù mu ọ́ìlì. Ẹ fa ìbọn, kò dún. Ẹ̀rù tó ń bà wá nìyẹn, torí ìbọn tí kò dún lójú ẹsẹ̀ lè dún lẹ́yìn ìṣẹ́jú àáyá díẹ̀, àsìkò yẹn ni ẹni tí kò mọ̀ máa ń yí ẹnu rẹ̀ padà láti wo ohun tó ṣẹlẹ̀. Tí ìbọn ò bá dún, ẹ jẹ́ kí ẹnu rẹ̀ kọjú síbi tí kò séèyàn, ẹ ka ìṣẹ́jú kan gbáko kí ẹ tó gbé e kúrò ní èjìká. Ti bẹntiróòlù kò tilẹ̀ gba àlàyé gígùn. Ẹ̀ṣẹ́ná lè wà nínú ìbọn tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ yìn, inú abà ni ẹ sì jókòó sí, iná ń jó lábẹ́ iṣu. Ẹni tó da bẹntiróòlù sínú irú nǹkan bẹ́ẹ̀, kí ló ń wá?

Ó dáa, kí ni ká wá lò? Kò sí àṣírí kankan níbẹ̀, a ò sì ní gbowó.

Ẹ kọ́kọ́ rí i dájú pé kò sí nǹkan nínú ìbọn. Ẹ yọ kápù rẹ̀ sọnù. Ẹ wá ti ọ̀pá tí a fi ń ki ìbọn bọ inú rẹ̀ títí tó fi kan ìdí. Ìbọn tó ṣófo ni kí ẹ ti fi ọ̀bẹ ha àmì sára ọ̀pá náà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹnu páìpù tẹ́lẹ̀. Lọ́jọ́kọ́jọ́ tí àmì yẹn bá dúró lókè, tí kò kan ẹnu, nǹkan wà nínú rẹ̀. Ẹni tí kò ní àmì lára ọ̀pá rẹ̀, kó lọ ṣe é lónìí. Ẹ má fi ojú yọjú sínú rẹ̀, ẹ má sì fi ẹnu fẹ́ ẹ, bó ti wù kó dá yín lójú tó.

Kí ilẹ̀ tó ṣú lọ́jọ́ tí ẹ yìn ín ni kí ẹ fọ̀ ọ́, kì í ṣe lọ́jọ́ ìsinmi. Ẹ fi igi ìtayín dí ihò kékeré ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Ẹ po omi lílọ́ wọ́ọ́rọ́ pẹ̀lú ọṣẹ dúdú díẹ̀, kó kàn yọ̀ lọ́wọ́, ẹ dà á kún páìpù, ẹ jẹ́ kó jókòó fún bí ìṣẹ́jú márùn-ún. Tí ẹ bá dà á jáde, yóò dúdú bí omi aró, yóò sì máa rùn bí ẹyin tó bàjẹ́. Ẹ má bẹ̀rù òórùn yẹn, imí ọjọ́ inú ẹ̀tù ni, ó ń jáde ni. Bẹntiróòlù kì í mú òórùn yẹn jáde, ẹ kíyè sí i. Ẹ we aṣọ mọ́ orí ọ̀pá, ẹ máa fi gún un lọ gún un bọ̀, ẹ tún da omi mìíràn. Lẹ́ẹ̀mẹta tàbí lẹ́ẹ̀mẹrin, omi yóò mọ́.

Ẹ wá yọ igi ìtayín, kí ẹ da omi tó ń hó gba inú rẹ̀ kọjá lẹ́ẹ̀kan. Omi lásán ni èyí, kò gbọ́dọ̀ ní ọṣẹ. Ẹ fi aṣọ di páìpù mú, torí yóò gbóná débi pé ọwọ́ lásán kò ní gbà á. Gbígbóná yẹn gan-an ni a fẹ́, òun ni yóò gbẹ irin láti inú. Ẹ dojú rẹ̀ dé kí omi ro tán, ẹ fi aṣọ gbígbẹ gún un títí aṣọ yóò fi jáde bó ṣe wọlé. Bí irin bá ṣì lọ́ wọ́ọ́rọ́, ẹ fi òróró tẹ́ẹ́rẹ́ pa á nínú àti lóde. Tẹ́ẹ́rẹ́ la wí o, kì í ṣe ọbẹ̀. Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, ẹ fi aṣọ funfun yẹ̀ ẹ́ wò. Tó bá pọ́n, iyọ̀ ṣì wà, ẹ tún un fọ̀.

Òróró wo? Ọ̀rọ̀ ń bẹ níbí. Òrí dára, kì í yára ṣàn, ó ń jókòó síbi tí a bá fi í sí. Àdín dára pẹ̀lú, kì í tètè yí padà, kì í lẹ̀ bí oje. Òróró ẹ̀pà àti òróró ìdáná mìíràn tó bá pẹ́ lára irin a máa di pálapàla tó ń lẹ̀ mọ́ ọwọ́, ẹ̀tù yóò sì lẹ̀ mọ́ òun náà. Epo pupa tí a fún nílé, pàápàá èyí tó ti pẹ́, a máa ní kíkan àti omi nínú. Ẹ fi í sílẹ̀ fún ọbẹ̀. A mọ̀ pé ẹnìkan yóò sọ pé epo ni ti Ògún, pé a ò gbọ́dọ̀ fi àdín kan irin rẹ̀. Èṣù ni a mọ̀ tí kì í fẹ́ àdín, kì í ṣe Ògún. Ẹni tó bá fẹ́ fi epo bọ Ògún kó bọ ọ́ lórí ilẹ̀ níta, kó fi òrí pa inú ìbọn.

Ọ́ìlì ẹ́ńjìnnì tuntun tí a kò tíì lò kò burú tí ìbọn bá máa sinmi títí oko yóò fi tún kún. Ṣùgbọ́n ẹ nù ún kúrò pátápátá kí ẹ tó ki ẹ̀tù, torí ọ́ìlì ọkọ̀ àti ẹ̀tù tó jó pọ̀, ọ̀dà ni wọ́n ń dì. Ẹ dojú ìbọn kọ ilẹ̀ tí ẹ bá gbé e pa mọ́, kí òróró má baà lọ rọ́ sídìí. Ẹ má gbé e ti ògiri alámọ̀. Kó má sì ní ẹ̀tù nínú nígbà tó bá wà nílé, ìyẹn kò ní àríyànjiyàn.

Ìbọn tó ti dógùn-ún tẹ́lẹ̀ ńkọ́, tí aṣọ bá ń há nínú rẹ̀, tí ọ̀pá ń gbọ̀n bí ẹ bá ń fà á? Kò sí omi, kò sí òróró, kò sí ìgò tó lè dá irin tó ti lọ padà. Ẹ gbé e lọ sọ́dọ̀ alágbẹ̀dẹ, kó pààrọ̀ páìpù. Tí ó bá ní òun yóò kàn bá yín fi ásíìdì fọ̀ ọ́, ẹ wá alágbẹ̀dẹ mìíràn. Kí ẹ tó gbé e jáde, ẹ mú ìwé àṣẹ yín dání o. Òfin ìbọn ọdún 1959 dárúkọ ṣakabùlà gan-an, ó sì ní ẹni tó bá ní in gbọ́dọ̀ gba ìwé àṣẹ. Ẹ má jẹ́ kí wọ́n fi ìbọn mímọ́ mú yín lójú ọ̀nà.

Ẹ̀yin oníṣòwò, ọ̀dọ̀ yín la ń bọ̀. A ò ní ká má tajà. Ẹni tó bá fẹ́ tajà fún olóko tó ní ìbọn, ọjà ń bẹ: òrí tó mọ́ nínú agolo kékeré, àdín, aṣọ gbígbẹ tí a gé mọ́ ìwọ̀n páìpù, búrọ́ọ̀ṣì tó ní ọwọ́ gígùn, ọṣẹ dúdú. Ìyá tó ń ta òrí ní Òkè-Àjẹ́ kò mọ̀ pé òun ní oníbàárà láàárín àwọn ọlọ́dẹ, ẹ sọ fún un. Ṣùgbọ́n ẹni tó ń rọ ásíìdì sínú ìgò tí ọmọdé lè gbé sẹ́nu, tí kò kọ nǹkan kan sára rẹ̀, tó sì ń pè é ní oògùn, ẹ má pe ìyẹn ní òwò níwájú wa. Olóko tó pàdánù ìka mẹ́ta kò ní wá ra nǹkan kan lọ́wọ́ yín lọ́dún tó ń bọ̀, kò sì ní ní ẹ̀gẹ́ tí ẹ ó rà lọ́wọ́ rẹ̀.

Wọ́n ní a ń ba ọjà àwọn jẹ́. Bẹ́ẹ̀ ni, à ń bà á jẹ́. Ẹni tó bá ní ohun tí à ń sọ kò rí bẹ́ẹ̀, kó gbé páìpù méjì tí a jọ yìn ẹ̀tù nínú wọn wá ní gbangba. Àwa yóò fi omi gbígbóná àti òrí tọ́jú ọ̀kan, kí òun fi ìgò rẹ̀ tọ́jú èkejì, ká so méjèèjì rọ̀ sábẹ́ òrùlé fún oṣù kan nínú òjò, ká wá fi ayùn là wọ́n lójú gbogbo èèyàn.

Ìgò tó bá wà lọ́wọ́ yín báyìí, ẹ má dà á sódò, ẹ má dà á sídìí kòkó. Ẹ gbé e padà fún ẹni tó tà á fún yín, kó dá owó yín padà.